Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀bẹ, Ẹ Bèèrè Ohun Tí Ẹ Máa Fi Pọ́n Ọn

Ẹ mú ọ̀bẹ sẹ̀rámíìkì funfun kan (kì í ṣe irin, mọ̀lẹ́bí àwo tánńganran ni), kí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ gbo òkúta tí alápatà fi ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹ gbo ó títí apá á fi ro yín. Òkúta náà ló máa họ, ọ̀bẹ ò ní mú sí i. Bí ohun kan bá tiẹ̀ ṣe ọ̀bẹ náà rárá, á jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ kán wẹ́wẹ́, ó sì wá burú ju bí ẹ ṣe bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, òkúta kan náà yìí ló ń mú kí ọ̀bẹ irin mú bí abẹfẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ líle ni. Ohun tó bá le ju nǹkan lọ ló lè họ ọ́. Lórí òṣùwọ̀n Mohs, tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta láti 1 dé 10, irin ọ̀bẹ kì í sábà kọjá 6 àti ààbọ̀. Quartz, ìyẹn ohun tó ń dán yinrin nínú yanrìn àti òkúta odò, wà ní 7, ìdí nìyẹn tí òkúta lásán fi lè pọ́n àdá. Ọ̀bẹ sẹ̀rámíìkì wà ní nǹkan bí 8 àti ààbọ̀. Òkúta ìpọ́nbẹ tí wọ́n fi aluminium oxide ṣe jẹ́ 9, àmọ́ ìdajì tó fi jù ú kò tó nǹkan. Ẹ ó gbo ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Dáyámọ́ǹdì, tó jẹ́ 10, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. (Ẹni tó ní ìdí kọ́ọ̀bù tánńganran, níbi tó rí ṣákiṣàki lábẹ́, lè pọ́n ọ̀bẹ kò purọ́. Ọ̀bẹ irin ló ń sọ, kì í ṣe ọ̀bẹ tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí kọ́ọ̀bù náà.)

Ìyẹ̀fun zirconia, irú sẹ̀rámíìkì kan tó le gan-an, ni wọ́n fi agbára tẹ̀ pọ̀ di ọ̀bẹ, tí wọ́n sì fi iná tó ju 1,300 dígíríì lọ sun ún. Kyocera, ilé iṣẹ́ kan ní Kyoto lórílẹ̀-èdè Jàpáánì, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1984. Kì í dógùn-ún, kò wúwo, kì í fi òórùn irin sára èso tàbí àlùbọ́sà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kú. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní títẹ̀. Bí ẹnu ọ̀bẹ irin bá kọ lu egungun, á tẹ̀, ẹ lè nà án padà. Sẹ̀rámíìkì kì í tẹ̀, ó ń kán ni. Nítorí náà, irin róbótó gígùn tí alápatà fi ń gbá ẹnu ọ̀bẹ kó tó máa gé ẹran kò wúlò fún un, torí iṣẹ́ irin yẹn ni láti na ohun tó tẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fa ọ̀bẹ gba àárín rẹ̀, tó ní irin méjì tó dà bíi lẹ́tà V, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìfà ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹnu ọ̀bẹ á di gbágungbàgun.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: irin pẹlẹbẹ méjì tí wọ́n lẹ lẹ́búlẹ́bú dáyámọ́ǹdì mọ́, ọ̀kan nọ́ńbà 400, èkejì 1000 tàbí 1200 (bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni hóró rẹ̀ ṣe kúnná tó), ìpara dáyámọ́ǹdì tó kúnná tó 1 micron, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà, àti awọ tàbí pákó pẹlẹbẹ tí ẹ máa pa á sí, máàkà dúdú, omi, àti aṣọ tútù tí irin náà máa jókòó lé kó má baà yọ̀. Bí irin dáyámọ́ǹdì bá jẹ́ tuntun, ẹ má fi sẹ̀rámíìkì ṣí i. Lára rẹ̀, hóró dáyámọ́ǹdì mìíràn máa ń yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀kan ṣoṣo sì tó láti fọ́ ẹnu ọ̀bẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi í pọ́n ọ̀bẹ irin méjì mẹ́ta kó lè tẹ́jú.

Ẹ fi máàkà kun etí ẹnu ọ̀bẹ lójú méjèèjì. Ẹ wọ́n omi sórí irin. Ẹ gbé ọ̀bẹ lé e, kí ẹ sì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè: bí ọ̀bẹ bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 3, mìlímítà 8 máa fún yín ní nǹkan bíi dígíríì 15. Pẹ́ńsù kan fi díẹ̀ dín sí i, ẹ lè fi díwọ̀n kí ọwọ́ yín tó mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á kí ẹ̀yìn ọ̀bẹ ṣáájú, kí ẹnu rẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Ẹ má ṣe tì í bí ẹni tó fẹ́ bó irin náà láwọ. Títì yìí ló ń fọ́ ọ̀pọ̀ jù, torí hóró dáyámọ́ǹdì á máa kọ lu ẹnu náà lójúkojú. Ìwọ̀n ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ ti tó, ẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn; kí ọwọ́ yín rí bíi ti ẹni tó ń nu ojú ọmọ ọwọ́. Ìfà mẹ́wàá lójú kan, mẹ́wàá lójú kejì, kí ẹ wá wò ó bóyá dúdú máàkà ti kúrò títí dé ẹnu pátápátá. Bó bá ṣẹ́kù sí ẹnu, ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè sí i díẹ̀. Bó bá jẹ́ òkè ló ṣẹ́kù sí, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Orí nọ́ńbà 1000 ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ bí ọ̀bẹ bá kàn kú lásán. Ibi tó bá ti kán ní ìdajì mìlímítà nìkan ni 400 wà fún, kí ẹ sì kúrò lórí rẹ̀ ní kété tí ìkán náà bá parẹ́, torí òun náà ń dá ìkán kéékèèké tirẹ̀ sílẹ̀ tí 1000 máa ní láti pa rẹ́. Ìkán tó bá ju mìlímítà kan lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ dáyámọ́ǹdì. Ẹ parí rẹ̀ lórí ìpara dáyámọ́ǹdì, ìfà ogún lójú kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ẹni tó mọ irin pọ́n ti máa ń ṣìnà nìyí. Bí ẹ bá ń pọ́n irin, tí ojú kan bá ti tó, ẹnu rẹ̀ á yí díẹ̀ sí òdìkejì, ẹ ó sì fi àtàǹpàkò mọ̀ ọ́n bí ohun tó ń kọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de èyí lára sẹ̀rámíìkì, ẹ ó pọ́n ọn dé èèkù. Kò ní yí láéláé. Iná tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wò ó: ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sókè sí iná, ibi tó bá ń tàn wíníwíní ṣì kú. Kí ẹ wá fi gé ìwé ìròyìn. Ibi tó bá ti kọ́ ìwé, ìkán wà níbẹ̀. Omi ò gbọ́dọ̀ gbẹ lórí irin, torí lẹ́búlẹ́bú náà kò dára fún èémí. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ irin náà.

Ṣé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lè bá ọdẹ wọ igbó? Rárá o. Ibi oríkèé ẹran ni wọ́n ti máa ń yí ọ̀bẹ, yíyí yẹn ló sì ń ṣẹ́ sẹ̀rámíìkì sí méjì. Bó bá tiẹ̀ kú lásán, kò sí òkúta kankan nínú igbó tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ìbéèrè kan náà, ìyẹn ohun tí ẹ máa fi pọ́n ọn, ló yẹ kí ẹ bi nípa àwọn ọ̀bẹ irin olówó ńlá tí wọ́n ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. D2 àti S30V jẹ́ irin dáadáa, wọ́n sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó kú. Ṣùgbọ́n hóró inú wọn, chromium carbide nínú D2 àti vanadium carbide nínú S30V, le ju òkúta odò lọ; ti S30V tiẹ̀ le ju aluminium oxide lọ. Ẹni tó bá rà á láìní irin dáyámọ́ǹdì lápò ti ra wàhálà. Fún ọdẹ tó ń sùn sígbó, ẹ̀yìn irin tí òkúta lásán lè pọ́n ni mo wà: sípíríǹgì mọ́tò tí alágbẹ̀dẹ rọ, tàbí irin bíi 1095, tàbí 12C27 bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kì í tètè dógùn-ún. Ọ̀bẹ Mora láti Sweden wà lára àwọn tó ń lo 12C27. Ẹnu rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10, owó rẹ̀ ò sì gunni.

Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ mú fáìlì tuntun dání. Ẹ fi fáìlì náà ha etí ẹnu ọ̀bẹ. Bó bá jẹ irin bó ṣe ń jẹ ìṣó, ọ̀bẹ náà rọ̀, kò ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Bó bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni fi ha gíláàsì, ó le jù, wọn kò fi iná rọ̀ ọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rì í sínú epo, egungun máa fọ́ ọ. Èyí tó ń yọ̀ tó sì ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ mú.

Ìrísí ńkọ́? Ọ̀bẹ tó fẹ̀ tí ikùn rẹ̀ yọ bí oṣù, awọ ni àwọn òyìnbó fi ń bó lára àgbọ̀nrín tiwọn. Àwa kì í bó ọ̀yà tàbí òkété láwọ. A máa ń fi iná jó irun rẹ̀, a ó wá ha á. Nítorí náà, ẹnu tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ ló wúlò, tí ṣóńṣó rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ, kó má baà gún ìfun nígbà tí ẹ bá ń la ikùn. Ẹ kíyè sí ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà: kí igun rẹ̀ gún régé, kì í ṣe èyí tí wọ́n fá róbótó, torí ẹ̀yìn yẹn ni kí ẹ máa fi ha irun tó jóná. Ẹni tó bá ń fi ẹnu ọ̀bẹ ha á, eérú àti erùpẹ̀ ti pa ọ̀bẹ rẹ̀ kó tó dé ibi ẹran. Gígùn sẹ̀ǹtímítà 9 sí 11 tó, ìnípọn mìlímítà 3. Iṣẹ́ àdá ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún àdá. Dígíríì 20 lójú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ pọ́n ọn sí.

Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ẹ wá wo ẹni tó bá a gbẹ́ ẹ. Irin tó gba inú èèkù dé ìdí ló dára jù. Ẹ fi èékánná gba orí ìṣó èèkù kọjá. Bó bá kọ́ yín, ó máa bó yín lọ́wọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ti mú kí ọwọ́ máa yọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ní iyọ̀ nínú, irin sípíríǹgì á sì ti yí dúdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi àdí díẹ̀ pa á. Òróró ẹ̀pà máa ń dì mọ́ irin bí oje tó bá pẹ́, àdí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má sì tọ́jú ọ̀bẹ sínú àkọ̀ awọ nílé. Awọ ń fa omi mọ́ra, ohun tí wọ́n fi ṣe é kí ó tó di awọ sì ń jẹ irin. Inú àkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ti ń dógùn-ún. Ẹ fi ìwé wé e, kí ẹ gbé e kọ́.