Contra mi dáhùn lónìí

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fa okùn ẹ̀rọ ìgégi yìí tí kò dáhùn. Láàárọ̀ yìí, ìfà kẹrin, ó bú ramúramù! Omi lé sójú mi.

Contra ni. Ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Stihl gbé e jáde, ọdún kan náà tí ilé-iṣẹ́ Husqvarna bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀rọ ìgégi tiwọn.

Ọjọ́ orí nìkan ló ń bá a jà. Rọ́bà pẹlẹbẹ inú kábúrétọ̀ ti gan bíi páálí, kò lè fa epo mọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Ojú pọ́ìǹtì, irin kékeré méjì tó ń ṣí tó ń pa dé kí pọ́lọ́ọ̀gì lè tanná, náà ti dúdú. Mo rọra ha á, mo fi pépà mímọ́ nù ún, mo sì wọn àlàfo rẹ̀ sí nǹkan bíi 0.4 mm. Ẹ má fojú díwọ̀n èyí o, ẹ lo gééjì.

Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi kejì, àbúrò rẹ̀. Ìyẹn fúyẹ́, ó yára, rọ́bà tó gbé ọwọ́ rẹ̀ dúró kì í jẹ́ kí ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì dé apá èèyàn. Contra yìí kò ní irú rẹ̀. Ìka mi ṣì ń jó mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń wọnú igi líle láìkánjú, tí ohùn rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀, àbúrò ò lè ṣe é.

Contra kò ní bíréèkì ṣéènì tó ń dá ṣéènì dúró bí ẹ̀rọ bá ta padà sí èèyàn, nítorí náà n kì í jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀ kan igi rárá, torí ìyẹn ló lè mú kó ta padà. Lọ́la, mo máa fi fáìlì pọ́n eyín rẹ̀.