Ọkà ni kó sọ irú ẹ̀rọ ìlọ̀ tí ẹ máa rà

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìpọntí nílé nìyí: kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ ìlọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ọkà tí ẹ fẹ́ dà sẹ́nu rẹ̀. Ọkà báálì ní èèpo, èèpo yẹn ló sì ń di asẹ́ nísàlẹ̀ ìkòkò nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ omi dídùn rẹ̀ tó máa di ọtí. Bí ẹ̀rọ bá gé èèpo náà wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ á dì bí ẹ̀kọ, omi ò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bàbà tí à ń rà l'Ọjà Ọba níbí l'Ákùúrẹ́ ò ní èèpo tó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ gbígbé báálì lọ sílé ìlọta àdúgbò. Irin pẹlẹbẹ méjì tó ń ha ara wọn ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo àti èlùbọ́, ìyẹ̀fun kíkúnná ló ń pọ̀. Ọ̀rá ẹja gbígbẹ àti ata tún máa ń kù lára irin náà, ọ̀rá díẹ̀ ló sì ń pa ìfófó orí ọtí.

Fún báálì, ẹ̀rọ onírólà méjì ni. Rólà, ìyẹn irin gígùn roboto tó ń yí, ń tẹ ọkà fọ́ ni, kì í hà á. Èyí tí àlàfo àárín rólà rẹ̀ ò bá ṣeé yí padà, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti milimítà 1.2, kí ẹ máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Géèjì tín-ín-rín tí àwọn mẹkáníìkì fi ń wọn àlàfo púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, lọ́tùn-ún àti lósì, torí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, odidi ọkà á máa gba ibẹ̀ kọjá. Káàdì ATM nípọn tó milimítà 0.76, bí káàdì bá há, ó ti kéré jù fún báálì. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sórí àwo funfun: èèpo gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lódidi, kí inú ọkà ti fọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ìyẹ̀fun má pọ̀. Bí ọtí bá ṣàìlágbára, wọ́n a máa di ẹ̀bi ru ìwúkàrà, bẹ́ẹ̀ odidi ọkà tó kọjá láìfọ́ ló sábà máa ń fà á.

Ọwọ́ lásán tó yí kílò 5, èyí tó ń fún yín ní nǹkan bíi lítà 20 ọtí. Bó bá jẹ́ dríìlì lẹ fi ń yí i, kí rólà má yí ju ìgbà 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Eré ló ń ya èèpo. Lásìkò ọyẹ́ tí èèpo ń gbẹ ganrínganrín, ẹ wọ́n omi mílílítà 100 sí kílò 5, ẹ pò ó, ẹ dúró ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Lásìkò òjò, inú kẹ́ẹ̀gì tó dé pinpin ni kí ọkà wà, torí èyí tó bá ti dẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ rólà ni.

Bó bá jẹ́ bàbà nìkan lẹ fẹ́ máa lò, ẹ má náwó lórí rólà. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ onírin pẹlẹbẹ tó, bí ẹ bá ń fi àpò aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbo bàbà híhù tó ti gbẹ dáadáa, kí èéhù àti gbòǹgbò rẹ̀ bọ́ kúrò pátápátá, torí èròjà inú èéhù náà lè tú májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì jáde. Bí ẹ ò bá fẹ́ràn àpò, èèpo ìrẹsì láti ibi tí wọ́n ti ń bó ìrẹsì ṣe é dípò: gíráàmù 250 sí kílò 5. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ sì dà á pọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá lọ bàbà tán, kì í ṣe ṣáájú.

Ẹ̀rọ tuntun ní gíríìsì lára. Ẹ fi kílò 1 bàbà olówó pọ́ọ́kú kọjá nínú rẹ̀, kí ẹ dà á nù. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ máa fi nu rólà, ẹ má fi omi kàn án, torí kíá ló ń dógùn-ún.