Kí Ẹ Tó Pe Lọ́yà Nítorí Bátìrì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Títa Inverter ní Akúrẹ́

Iṣẹ́ títa inverter àti bátìrì ni mò ń ṣe ní Akúrẹ́, mo sì máa ń bá àwọn èèyàn yẹ èyí tí wọ́n rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn wò. Mi ò tíì rí ọjà tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín oníṣòwò àti oníbàárà tó bátìrì. Owó rẹ̀ pọ̀, ojú kò sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra aṣọ tí kò dára yóò mọ̀ ní kété tó bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ẹni tó ra bátìrì yóò dúró di alẹ́ tí iná bá lọ kí ó tó mọ ohun tó rà. Ohun tí mo ti kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí olùrà bá sọ kí ó tó sanwó ló máa ń pinnu bóyá ẹjọ́ rẹ̀ yóò dúró. Bí inú ṣe ń bí i tó lẹ́yìn náà kò sí níbẹ̀.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹja yìnyín nítòsí Ọjà Ọba. Wọ́n ra inverter 2.5kVA pẹ̀lú bátìrì méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú, wọ́n sì gbà pé ẹni tó tà á fún wọn ti lu àwọn ní jìbìtì, nítorí pé ẹ̀rọ náà kì í gbé fìríìsà wọn mọ́jú. Wọ́n ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. “Ẹnjiníà, ẹ sáà bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà yìí kò dáa, kóòtù ló máa bá mi gba owó mi.”

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn ohun tí ẹ ní kó máa gbé.” Bátìrì 12 volt tó jẹ́ 220Ah (Ah ni nọ́ńbà tó ń sọ bí iná tó lè gbà sínú ṣe pọ̀ tó) ní agbára 2,640 watt-hour nínú, ìyẹn 12 lọ́nà 220, tó lè gbé ohun tó ń fa 2,640 watt fún wákàtí kan; méjì jẹ́ 5,280. Àmọ́ a kì í lo bátìrì olómi tán pátápátá: bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wa, ìdajì ni ká lò kí a tó tún gba iná sí i, ìdajì náà sì ni 2,640. Fìríìsà méjì ni mo bá lórí rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa nǹkan bíi 200 watt nígbà tí mọ́tò rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, fáànù àti gílóòbù sì ń fa nǹkan bíi 100. Ẹ pín 2,640 sí ọ̀nà 500: kò ju wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ lọ, inverter fúnra rẹ̀ yóò sì jẹ nínú rẹ̀. Nínú ilé, mọ́tò fìríìsà máa ń sinmi bí ohun inú rẹ̀ bá ti dì. Ní ìsọ̀ ẹlẹ́ja, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìdérí títí di alẹ́, tí wọ́n sì ń kó ẹja tí yìnyín rẹ̀ ti ń yọ́ sí i, kì í ráàyè sinmi. Nǹkan kan kò ṣe bátìrì náà. Mo wá béèrè ohun tí wọ́n sọ fún ẹni tó tà á, wọ́n ní àwọn sọ pé ilé làwọn fẹ́ lò ó sí.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, èyí tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀, fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà padà láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, bí ó bá ti sọ iṣẹ́ pàtó tí ó fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún olùtà, tí ó sì wá hàn pé ọjà náà kò yẹ fún iṣẹ́ ọ̀hún. Òfin ọjà títà ti 1893 tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá sọ iṣẹ́ náà kò fi nǹkan kan lé lọ́yà rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wa ṣì ń kọ́ nípa ẹjọ́ Louisa Carlill, tí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá láre ní 1892. Ilé iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball, tó ń ta bọ́ọ̀lù tí wọ́n ní fífa ohun inú rẹ̀ símú ń dènà àìsàn, ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé àwọn yóò san 100 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá lo ohun èlò àwọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí ìtọ́ni, tí ó sì tún kó àìsàn influenza. Ìlérí yẹn ni gbogbo èèyàn ń rántí. Ohun tó jọ mí lójú ni pé obìnrin náà lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó. Ìwé tó máa ń bá bátìrì olómi wá náà máa ń sọ pé omi bátìrì ni kí a máa fi kún un, kì í ṣe omi kànga. Mo ti ṣí bátìrì tí òjé inú rẹ̀ ti yọ sókè lórí omi, tí ẹni tó ni ín sì ń sọ pé òun yóò pe ilé iṣẹ́ lẹ́jọ́. (Mi ò kì í bá irú wọn jiyàn mọ́, fọ́tò ni mo máa ń yà.)

Mi ò fi èyí gbè sẹ́yìn àwọn oníṣòwò bíi tèmi, nítorí irọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ń lẹ nọ́ńbà ńlá mọ́ ara bátìrì kékeré. Olùkọ́ kan ní Ìjàpọ̀ fi WhatsApp béèrè, kí ó tó sanwó, bóyá ẹ̀rọ kan lè gbé fìríìsà kan àti fáànù méjì láti alẹ́ di òwúrọ̀. Olùtà fèsì pé yóò gbé e dáadáa. Nígbà tí kò gbé e, olùkọ́ náà kò pariwo. Ó tẹ ọ̀rọ̀ wọn jáde sórí ìwé, ó fi ríṣíìtì mọ́ ọn, ó sì kọ lẹ́tà ṣókí pé FCCPC ló kàn. Olùtà náà gba ọjà rẹ̀, ó sì dá owó padà.

Àwọn kan máa ń fi Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ fún mi, níbi tí ilé iṣẹ́ ohun mímu Red Bull ti gbà ní 2014 láti fi 13 mílíọ̀nù dọ́là parí ẹjọ́ àwọn tó ní ìpolówó rẹ̀ ṣèlérí agbára tí àwọn kò rí. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn wú yín lórí: 10 dọ́là tàbí ọjà tó tó 15 dọ́là ni wọ́n fi lọ olùrà kọ̀ọ̀kan, ilé iṣẹ́ náà kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì pawọ́ pọ̀ sídìí ẹjọ́ yẹn. Ní Akúrẹ́, ìyá ẹlẹ́ja nìkan ni ìbá máa sanwó lọ́yà, tí wọn ìbá sì máa ti ìsọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú.

Ìyá náà kò pe ẹjọ́ ọ̀hún mọ́. Wọ́n yọ fìríìsà kan kúrò lórí inverter, wọ́n sì ń tọ́jú owó bátìrì méjì sí i.

Ní tèmi, mo ti ń ní kí oníbàárà ka gbogbo ohun tó fẹ́ lò àti iye wákàtí tó fẹ́ lò ó fún mi, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ríṣíìtì, àwa méjèèjì á sì fọwọ́ sí i. Ẹ béèrè fún irú rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá ti ń rajà. Ó ti mú kí n kọ̀ láti tajà fún àwọn kan tí ohun tí wọ́n fẹ́ gbé pọ̀ ju èyí tí owó ọwọ́ wọn lè rà lọ, inú wọn kò sì dùn sí mi lọ́jọ́ náà.