Mo Sanwó Ìjókòó, Mo Dúró dé Agége

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Alága ẹgbẹ́ wa kò ní béèrè ìdí tí ìrìnàjò ọjọ́ kan péré fi ní ìgbìmọ̀ aṣọ, ìgbìmọ̀ oúnjẹ àti ìgbìmọ̀ ọkọ̀. Felabration la fẹ́ lọ ní Èkó, àjọyọ̀ orin tí Yẹni Aníkúlápó-Kútì dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 láti máa fi ṣe ìrántí bàbá rẹ̀, tí ó sì máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Fẹlá.

Ìgbìmọ̀ aṣọ ni wọ́n fi èmi sí, ibẹ̀ sì ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ní a kò lè wọ aṣọ ìkómọ lọ sí Shrine, gbọ̀ngàn orin tí wọ́n ti ń ṣe àjọyọ̀ náà. Ṣòkòtò Fẹlá gan-an ni kí a rán, èyí tí ó há mọ́ itan pinpin, tí wọ́n sì ṣe ọnà sí lára. Nígbà tí télọ̀ na téèpù, ó bi mí bóyá mo máa jókòó nínú rẹ̀. Mo dá a lóhùn pé Fẹlá kì í jókòó. Ẹ gbọ́ ẹnu! Àwọn yòókù ti yọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dẹ tiwọn díẹ̀.

Alága pinnu pé ọkọ̀ ojú irin la máa wọ̀ láti Mọ́níyà ní Ìbàdàn, nítorí pé yóò gba Abẹ́òkúta kọjá, níbi tí wọ́n bí Fẹlá sí ní ọdún 1938, ó sì yẹ kí á kí ìlú náà láti ojú fèrèsé kí á tó lọ yẹ́ ọmọ wọn sí. Mo rí nọ́ńbà ìjókòó mi, mo tẹ̀ díẹ̀ láti jókòó, ṣòkòtò sì sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn mi tí èmi nìkan gbọ́. Mo yáa nàró. Mo dúró kọjá Omi-Àdìó. Mo dúró kí Abẹ́òkúta bí ẹni tí ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Mo dúró kọjá Pápáláńtó. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní kí n lọ jókòó, mo ní atẹ́gùn ni mo ń gbà, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ọkọ̀ náà kì í ṣí.

Ìyá àgbà kan tí ó ti ń wò mí tipẹ́ fà mí lápá, ó rẹ ohùn sílẹ̀: “Ọkọ mi, ṣé eéwo ni?”

“Rárá o, mà, ṣòkòtò ni.”

Ó mi orí, ó ní kò sí ìtìjú níbẹ̀, pé bí ó ṣe mú ọkọ òun náà nìyẹn, kí n ṣáà wá àdín fi pa á, kí n má sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Kí a tó dé Agége, gbogbo àwọn tó wà láyìíká wa ti ń bá mi kẹ́dùn.

Ṣùgbọ́n kí ni ti ṣòkòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò tí Alága tẹ̀ sórí ìwé? Akọ̀wé ìkórè ni ọkùnrin yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn ń gbà ṣètò nǹkan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ó wọlé ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, a ó gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, a ó wo eré, a ó sì ti kúrò ní aago mẹ́sàn-án. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, ní Shrine! Nígbà tí a dé Agídíngbí, àwọn tí ń to àga la bá níbẹ̀. Alága ń wo aago, ó ń wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní àwọn ará Èkó kò bọ̀wọ̀ fún àkókò. Aago mẹ́sàn-án lù, èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ó sì kéde fún wa pé ètò ti parí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí sakisofóònù ké lóru, Alága fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gun orí àga. Èmi náà fò sókè, ṣòkòtò sì sọ èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, láti ìbàdí dé orúnkún.

Ìdájí la kan ilẹ̀kùn àǹtí Alága ní Ọ̀gbà, jákẹ́ẹ̀tì ni mo so mọ́dìí. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí Alága ti sọ fún màmá yẹn nípa ibi tí a lọ.

“Ẹ kú ìsìn òru o,” ni màmá wí. “Èyí ńkọ́, kí ló ṣe ṣòkòtò rẹ̀?”

Alága kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. “Ẹ̀mí ló gbé e, mà.”

Màmá kígbe halelúyà, ó ní dandan ni kí n wá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, Alága ti yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sínú ètò.