Kí Ẹ Tó Ṣe Apá Kejì, Ẹ Wo Àwọn Tó Ṣe Apá Kìíní

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ sítúdíò, iṣẹ́ àtò ohùn ni mo ń ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pé òun fẹ́ ṣe apá kejì àwo tó tà, ìtàn Meat Loaf ni mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún un.

Lọ́dún 1977 ni olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà yìí gbé àwo Bat Out of Hell jáde. Ohùn rẹ̀ ni aráyé mọ̀. Ṣùgbọ́n Jim Steinman ló kọ gbogbo orin inú rẹ̀, Todd Rundgren ló darí iṣẹ́ tó tún ta gìtá, Roy Bittan tó ń bá Bruce Springsteen ṣeré ló wà nídìí píánò, Ellen Foley sì wà níbẹ̀ tó ń bá Meat Loaf fa ọ̀rọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dàrú. Ohùn Meat Loaf kọṣẹ́. Steinman ò lè dúró dè é, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ àwọn orin tó ti ṣe sílẹ̀ fún un, ó sì gbé e jáde ní 1981. Ẹjọ́ wọ Meat Loaf lọ́rùn, gbèsè wọ̀ ọ́. Ó ṣì ń ṣe àwo, àmọ́ kò sí èyí tó sún mọ́ ti àkọ́kọ́.

Ní 1993 ni Bat Out of Hell II dé. Kì í ṣe nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ló tà á. Steinman padà wá kọ orin, ó sì darí iṣẹ́. Bittan padà sídìí píánò. Rundgren àti Foley padà wá ṣègbè. "I'd Do Anything for Love" gba ipò kìíní ní orílẹ̀-èdè 28, ó sì gba Grammy. Nínú àwo, orin náà tó ìṣẹ́jú 12. (Ẹni tó bá ní orin gígùn kì í tà, ẹ fi èyí hàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gé e kúrú fún rédíò.)

Ẹ fetí sí ìparí orin yẹn dáadáa. Ohùn obìnrin tó ń bi í ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ti Lorraine Crosby ni, akọrin ará England. Wọ́n ní kó wá kọ ọ́ bí atọ́nà lásán, kí ẹlòmíì lè rí nǹkan tẹ̀ lé. Wọ́n gbọ́ ọ, ó wọ̀ wọ́n lára, wọ́n fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú orin náà. "Mrs. Loud" ni wọ́n pè é lára àwo. Nínú fídíò, obìnrin mìíràn ló ń la ẹnu tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Nítorí pé atọ́nà ni wọ́n gbà á fún, kò rí ìpín kankan nínú owó tí orin náà ń pa.

Torí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ wá kọ atọ́nà, kí ẹ tó dúró síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ bi wọ́n: "Bí ẹ bá lò ó ńkọ́?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sórí ìwé. Ẹni tí ìbéèrè yẹn bá bí nínú ti dá yín lóhùn.

Orúkọ àwo pàápàá lólówó. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń bọ̀, Steinman ti fi "Bat Out of Hell" sábẹ́ òfin ní orúkọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ òun àti Meat Loaf dé kóòtù ní 2006 kí wọ́n tó parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Desmond Child ló darí ẹ̀kẹta ọ̀hún, Brian May àti Steve Vai sì ta gìtá níbẹ̀. Ọ̀gá ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, orin Steinman tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni mo ṣì máa ń padà gbọ́.