Nígbà kan

Mi ò fẹ́ kọ nǹkan kan lónìí. Oorun ni mo ní mo fẹ́ sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nídìí kànga láàárọ̀ ò jẹ́ kí ojú mi pa dé. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá á fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Màmá ẹ̀yìnkùlé wa àti àlejò wọn kan ló ń sọ̀rọ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo ṣì wà lẹ́yìn ògiri, tí mò ń dé kẹ́ẹ̀gì mi. Àlejò ní ta ni bọ̀ọ̀dá tó pọnmi kọjá yẹn. Màmá ní, "Ọmọ ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ni. Ọmọ yẹn mọ̀wé nígbà kan o."

Nígbà kan.

Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Àánú ni wọ́n fi sọ ọ́, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ mọ́tò tí bàbá ẹnì kan ti ní rí. Ṣé ìwé mímọ̀ náà ní ọjọ́ tó máa ń bu, bíi búrẹ́dì?

Ọdún 2017 ni mo wọ yunifásítì, ọdún mẹ́rin ni wọ́n pè é. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2020 kó bí oṣù mẹ́sàn-án lọ, ti 2022 kó mẹ́jọ, mo jáde ní 2023. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ lórí 33,000 náírà lóṣù. Àwọn tó ń sìn báyìí ń gba 77,000. Mi ò jowú. (Mò ń jowú.) Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó bá wù mí báyìí, wọ́n á ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó máa ṣe é ò gbọdọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ, kó sì ti fi ọdún mẹ́ta ṣe irú iṣẹ́ náà rí. Oṣù tó ń bọ̀ ni màá pé 27. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Nígbà tí mo wọ Jíọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, ìyá mi ti sọ ọ́ káàkiri ọjà Bódìjà pé ilé iṣẹ́ elépo lọmọ òun ń lọ. Wọn ò kúkú purọ́. Àràárọ̀ ni mò ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ọ̀gá mi l'Ágbówó, ọwọ́ mi á máa rùn di ọ̀sán. Mo rẹ́rìn-ín bí mo ṣe kọ ìyẹn.

Ṣọ́ọ̀bù ò tà lónìí. Oníbàárà kan tó jẹ wá lówó tún wá, kò san gbèsè.

Nírọ̀lẹ́, ọmọkùnrin kan gbé projẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wá kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ n'Íbàdàn ló kọ nípa rẹ̀. Ojú ewé kẹrìnlá, ó ní iyanrìn tó to léra wọn ló wà nísàlẹ̀ wa. Ó hàn pé iṣẹ́ ẹnì kan l'Ékòó ló dà kọ. Iyanrìn wo? Orí àpáta n'Íbàdàn jókòó lé. Òkè Mápó, òkè Mọ́kọ́lá, òkè Àrẹ̀mọ, òkúta quartzite, irú òkúta líle kan, ni wọ́n. Ibi tí àpáta bá ti jẹrà, tàbí ibi tó bá ti sán, ibẹ̀ lomi ń sá sí. Ìdí nìyẹn tí kànga tiwa fi ń gbẹ lọ́gbẹlẹ̀, tí ti ojúlé kejì ò sì í gbẹ. (Ẹ má fi kànga ṣòwe fún mi o, mo mọ̀ yín.) Mo yàwòrán ẹ̀ fún un sẹ́yìn rìsíìtì. Ara mi yá. Mo gbàgbé pé jẹnẹ ń jó epo.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ti mọ eléyìí?"

Mo ní, "Mo kà á níbì kan."

Níbì kan! Ẹ wo ẹnu mi. Kí ló dé tí mi ò sọ pé oyè tí mo gbà nìyẹn? Bóyá torí ìbéèrè tí ì bá tẹ̀ lé e ni mò ń sá fún: kí lẹ wá ń ṣe níbí? Àti pé ọmọ náà, ọdún méjì sí i, òun náà lè…ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi T. fi ohùn ránṣẹ́ láti Kánádà. Iṣẹ́ wíwẹ̀ fún àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀. Ìyá mi ní ẹgbẹ́ mi nìyẹn.

Mo fẹ́ máa bínú sí màmá yẹn lọ. Mo wá rántí pé àwọn náà ni wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò WAEC, tí wọ́n fi bírò dúdú méjì lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní ọ̀kan lè dákú. Ẹni tó fún mi ní bírò ló ń sọ pé mo mọ̀wé nígbà kan. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe báyìí? Màá ṣì bínú díẹ̀ sí i. Títí di àárọ̀, ká sọ bẹ́ẹ̀.

Mi ò gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ọ̀gá mi ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Aago mẹ́sàn-án ló ní òun máa wá gbé e.

Wọ́n ti mú iná wá. Ẹ jẹ́ kí n sáré fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi kí wọ́n tó gbà á.