Ìgbà wo ni ọlọ́pàá Kánádà lè tẹ́tí sí ìpè láìgba àṣẹ adájọ́?

Abala 184.4 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Kánádà fàyè gbà á, bí nǹkan mẹ́ta bá pé. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ kánjúkánjú débi pé kò sáyè láti gba àṣẹ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ láti dènà ọ̀ràn tó máa ṣe ènìyàn tàbí dúkìá ní jàǹbá ńlá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀daràn náà tàbí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe níbi.

Ti àkọ́kọ́ yẹn ló gba ìṣọ́ra jù. Abala 188 wà níbẹ̀: adájọ́ tí wọ́n yàn fún un lè fún ọlọ́pàá ní àṣẹ pàjáwìrì tí kò kọjá wákàtí 36. Bí àyè bá ti wà láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, abala 184.4 kò ṣeé gbára lé mọ́.

Lọ́dún 2012, nínú ẹjọ́ R. v. Tse tó dá lórí ìjínigbé, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ fagi lé abala náà, nítorí kò pa á láṣẹ pé kí wọ́n sọ fún ẹni tí wọ́n tẹ́tí sí ìpè rẹ̀. Wọ́n fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní oṣù 12 láti tún un ṣe. Láti 2013, ìwé ìfitónilétí gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ onítọ̀hún láàárín ọjọ́ 90, àfi bí adájọ́ bá sún un síwájú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀: ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, báwo ló ṣe máa pè wọ́n lẹ́jọ́?